Ohùn Ẹ̀yìn Ìkélé

Ẹ̀yin tí ẹ gbé kámẹ́rà wọ Abẹ́òkúta,
tí ẹ ní ìtàn olórin lẹ ń wá,
ẹ fi àwọn tí òpópónà ń jẹ́ orúkọ wọn sílẹ̀.
Ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí Lafẹ́nwá,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá rélùwéè,
níbi tí mo ti ń ru àpótí gìtá
fún Ẹgbẹ́ Ìràwọ̀ Ìkẹrẹ̀kú
láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Èèyàn márùn-ún ni wọ́n.
Ṣódẹ́rù ni olórí; lọ́sàn-án, akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì ni.
Bó bá pe "Ìbàdàn!" lójú fèrèsé,
èrò ọkọ̀ a gbàgbé ṣéńjì sílẹ̀.
Láṣún ń ta gìtá. Okùn kẹta já
lọ́dún tí odò Ògùn kún wọ ilé,
ó fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀.
Ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde,
n kò gbọ́ irú ẹ̀ rí lára gìtá tó pé.
Àwọn méjì kan ń lu ìlù, wọ́n sì ń jà.
Ẹni karùn-ún ni Ìbídùn, agberin,
aránṣọ ọmọ Ìtọ̀kò tí kì í rẹ́rìn-ín níwájú èrò,
ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ìsàlẹ̀ kànga.

Àwo orin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe.
Láàárín ẹ̀, rélùwéè fọn fèrè kọjá.
Ẹni tó ń gbohùn sílẹ̀ ní kí wọ́n tún un ṣe.
Ṣódẹ́rù ní, "Ṣé ẹ máa dá ọkọ̀ náà padà ni?"
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀ dòní:
gbogbo ẹgbẹ́ dákẹ́ fún un
bí ọmọdé ṣe ń yà fún àgbà lọ́nà tóóró,
kí wọ́n tó tún gbé orin lọ.

Ẹ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ dúró ná.
Èyí tí n kò sọ rí ló kù.

Ọdún kejì lẹ́yìn àwo, nǹkan hù sí Ṣódẹ́rù lọ́nà ọ̀fun.
Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló jáde.
Ìgbéyàwó mẹ́rìnlá ti san àsansílẹ̀,
a sì ti fi owó náà ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn.
Ìbídùn ò wí nǹkan kan.
Ó rán aṣọ ìkélé aláwọ̀ aró,
ó gbé àga sí ẹ̀yìn ẹ̀, ó jókòó.
Láti ọjọ́ náà, Ṣódẹ́rù ń la ẹnu,
Ìbídùn ń kọrin.
Ọdún méjì!
Wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọkùnrin náà níwájú,
èmi ń gbé ife omi lọ sẹ́yìn.
Àwọn ará Ìbarà ní ohùn rẹ̀ ti gbó, pé ó ti di oyin.
Lóru, lábẹ́ àtùpà, á ka ìdajì owó lé e lọ́wọ́,
kò jẹ́ wo ojú ẹ̀.

Wọ́n ti sin ín sí Kémta.
Ìbídùn ṣì wà, aṣọ akọrin ìjọ ló ń rán.
Mo bi í lóṣù tó kọjá, ta ni kó ṣe é nínú fíìmù?
Ó ní, "Ẹ má fi ẹnikẹ́ni ṣe mí.
Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ pa iná.
Kí ojú fíìmù dúdú fún odindi orin kan.
Kí wọ́n gbọ́ mi láì rí mi, bí wọ́n ṣe gbọ́ mi nígbà yẹn,
àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n mọ̀."

Mo rí i, ojú yín ti rọ̀.
Ẹ ní òkùnkùn kì í tà.
Ẹ ní òṣèrébìnrin kan wà l'Ékòó, eyín rẹ̀ funfun.
Ẹ máa bọ̀ ná.
Ilé rẹ̀ nìyí. Ẹ tẹríba, àtẹ́rígbà rẹ̀ kúrú.
Ẹ gbọ́: ó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́,
ó ń kùn ún lábẹ́ ètè.
Rélùwéè ń bọ̀ lórí afárá.
Ó dákẹ́ fún un.

Ẹ má tíì sọ̀rọ̀.
Kò tíì parí.